Orúkọ tí Ìyá Mi Kò Pè Mọ́

Jósáyà Odùwọlé ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ọmọ ìyá mi ni, ó sì fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi Bọ̀ọ̀dá ṣáájú orúkọ rẹ̀. Nínú ilé wa, a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀gbọ́n ní ìhòòhò báyìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Òun ni ó kọ́ mi pé ènìyàn lè gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, èmi náà sì gba Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Nígbà ayé rẹ̀, Olúwọlé ni ó ń pe ara rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, ó kọ ọ́ sí iwájú ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì ti kọ ọ́ sára sàréè rẹ̀ báyìí. Odùwọlé ni bàbá wa sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí léèrè ìtumọ̀ orúkọ àtijọ́, ẹ fìdí mọ́ àga. Mi ò ní sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí rédíò, tí gbogbo rẹ̀ ń dùn bí oyin. Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló dùn. Òmíràn ń bínú. Òmíràn ń bẹ̀bẹ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí o bá gbọ́ ọ, o ti gbọ́ ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí ọmọ náà.

Lónìí, ẹ ti yan orúkọ kí ọmọ tó dé. Ẹ ra ìwé pélébé kan ní ọjà, ẹ fi ìka tọ ojú ewé, ẹ ní èyí wù yín. Nígbà tiwa, àlejò ni a ń pe ọmọ títí di ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ méje yẹn kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún àwọn àgbà. Wọ́n ń wò. Ṣé òjò rọ̀ lọ́jọ́ tó dé? Ṣé ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ bí i sí, nígbà tó ń ti oko bọ̀? Ta ló kú lọ́dún yẹn, ta ló padà sílé? Ìyá bàbá mi lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀, kí ó máa jẹ orógbó, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí a bá béèrè ohun tó ń ṣe, wọn á ní ó ń wá orúkọ.

Ohun mìíràn ni orí orúkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí o bá gbọ́ Odù, o mọ̀ pé ilé onífá ni. Ògún, ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ. Ọnà, àwọn tó ń gbẹ́ igi tí wọ́n sì ń fín in. Adé, ọmọ ọba. Ọmọdé tó sọnù ní ọjà kò ní ju kí ó sọ orúkọ rẹ̀, wọn yóò sì mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ gan-an. Lóde òní gbogbo wọn ti di Olú. Alágbẹ̀dẹ di Olú, agbẹ́gilére di Olú, onífá di Olú, ó wá dà bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò wọ aṣọ ilé ìwé kan náà. Tí ọmọ bá sọnù lónìí, kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọn yóò gbé omi tútù sínú igbá sí àárín ilé. Àgbà kọ̀ọ̀kan yóò ju owó wẹ́wẹ́ sí i, yóò sì pe orúkọ tí òun fún ọmọ, gbogbo ilé yóò sì pè é tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó ń jiyàn níbẹ̀. Ìyá ọkọ tó kórìíra ìyàwó lè sọ èyí tó wù ú, ìyàwó ìta náà lè sọ tirẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: orúkọ tí owó rẹ̀ bá ti wọ inú omi ti di ti ọmọ, kò sí ẹni tó tún lè yọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo ṣì máa padà sí i.

Ìyá mi, ọmọ Ìbẹ̀fún, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà kan tí mo mọ̀ kà. Lẹ́yìn Jósáyà, ó bí ọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Odùbáyọ̀. Inú wọn dùn nígbà yẹn. Odùbáyọ̀ kú. Èyí tó tẹ̀lé e ni Dúrójayé. Òun náà kú. Wọ́n bí òmíràn, ayọ̀ wọn ti dín kù, wọ́n ní Kásìmáawò, pé kí a ṣì máa wò ó. A wò ó fún oṣù márùn-ún. Wọ́n sọ ìkẹrin ní Kòsọ́kọ́, kí ikú lè gbọ́ pé kò sí ohun èlò tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Wọ́n rí ọkọ́ yá. Lẹ́yìn náà ni èmi dé, wọ́n sì sọ mí ní Málọmọ́. Ẹ to orúkọ márààrún pọ̀, ẹ ó rí bí ohùn obìnrin kan ṣe ń rẹlẹ̀ láti orí ìdúpẹ́ títí ó fi kan ẹ̀bẹ̀. Lẹ́tà ìyá mi nìyẹn. Èmi ni mo wà ní ìparí rẹ̀.

Àwọn tó ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ti kèfèrí kò tíì rìn jìnnà. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan wà láàárín wa láti Sáríà, Àjújì ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé orí ààtàn ni wọ́n tẹ́ òun sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí òun, nítorí àwọn tó ṣáájú òun ti kú, kí ikú lè rò pé pàǹtí ni. Mo ní a ní Ààtàn lọ́dọ̀ wa náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá wa kan láti Oníṣà ń jẹ́ Ọnwụbiko, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ikú, jọ̀ọ́. Wọ́n kò bá ara wọn tan, wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Jósáyà tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wa lọ kò mọ èyí.

Ìyá mi ń hun aṣọ. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ń lu òwú wọlé. Ìró pátákó yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí ó bá ń hun aṣọ, yóò máa pè mí láìbojú wẹ̀yìn: Málọmọ́, bá mi mú omi wá. Málọmọ́, lé adìyẹ yẹn kúrò nídìí gàrí. Kò sí ohun tí ó fẹ́ ní ìgbà mìíràn. Yóò pè mí, màá dáhùn, yóò sì máa hun aṣọ rẹ̀ lọ. Ó ń wò ó bóyá mo ṣì wà ni.

Bí ọjọ́ Agẹmọ bá pé, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde, a ó ti ìlẹ̀kùn, ìyá mi yóò se ìkọ́kọrẹ́, a ó sì jókòó sínú òkùnkùn ilé. A ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti igbe àwọn Agẹmọ lóde. Kí ẹ̀rù má bàa pa àwa ọmọ, ìyá bàbá mi yóò ní kí olúkúlùkù sọ ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọmọ ọdún mẹ́ta yóò dìde sọ tirẹ̀, yóò gbàgbé àárín rẹ̀, a ó sì parí rẹ̀ fún un. Bí ó bá kàn mí, màá ka àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣáájú mi kí n tó dé orí ara mi. Kò sí ẹni tó ń sunkún níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ka ìsọdipúpọ̀ ní ilé ìwé ni mo ṣe ń kà á.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án ni Jósáyà di kátíkíìsì. Ó ti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin dé pẹ̀lú bàtà àti ìwé kékeré kan, ó ní gbogbo ilé yóò ṣe ìrìbọmi. Bàbá wa ti kú nígbà náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó kù nílé. N kò bínú sí ìrìbọmi. Mo ti sin Ọlọ́run ju àwọn tó ń fi ohùn rara gbàdúrà lọ. Ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà ni mo ń wí. Ó fún mi ní Kọ̀nílíà. Orúkọ ìyàwó òyìnbó kan ni, n kò rí obìnrin náà rí, òun náà kò sì mọ̀ pé wọ́n bí mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí ìyá wa kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, kí ó ṣèlérí pé òun kò ní pe orúkọ abíkú mọ́ títí òun yóò fi kú, nítorí ẹni tó bá ń bẹ ẹ̀mí òkùnkùn kò lè jẹ oúnjẹ Olúwa. Obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́rin kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí. Ó ṣèlérí.

Ìyá mi kò mọ irọ́ pa. Ó mú ìlérí náà ṣẹ. Ẹnu rẹ̀ kò sì gba Kọ̀nílíà, kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò pè mí ní nǹkan kan mọ́. Bí ó bá fẹ́ mi, yóò fi pátákó òfì lu igi lẹ́ẹ̀méjì, gbà-gbà, màá sì dáhùn. Àwọn aládùúgbò rò pé eré ni. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà kan, a wà ní àwa méjì péré, mo ní kí ó pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé n kò ní sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Ó wò mí títí. Ó ní, "Kì í ṣe tèmi." Ó sì yíjú padà sí aṣọ rẹ̀. Mo rò pé ìlérí ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, kí ẹ má bàa rò pé mo mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n mú ọmọbìnrin kan láti oko wá sí kíláàsì mi. Mo bi í ní orúkọ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó ní òun kò ní. Mo kọ Kọ̀nílíà sínú ìwé fún un. Mo fún un ní tèmi, kí n lè rí ẹni bá mi gbé e. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ní Òdógbolú, ó kúnlẹ̀ kí mi tán ó ní òun fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀. Mo ní ó ṣeun.

Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, Jósáyà jókòó sí ìgbèrí rẹ̀, ó ń gbàdúrà. Èmi wà ní ìhà ẹsẹ̀. Ìyá mi la ojú, ó wá mi rí, ètè rẹ̀ mì. Mo sún mọ́ ọn. Mo rò pé ó tó àkókò. Ó na ọwọ́ sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi èékánná ìka rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀méjì. Mo dáhùn. Ó sì kú.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Jósáyà àti èmi ń kí ara wa ní ìta ilé ìjọsìn, ó ń pè mí ní Kọ̀nílíà, mo ń dáhùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ ń wo ọgbẹ́ sàn.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba padà, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, Bùsọ́lá, ọmọ-ọmọ Jósáyà, wá sí ilé mi. Òun náà ń ṣe olùkọ́, ní Òdógbolú. Ó ti sin ọmọ méjì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìkẹta, obìnrin, ọmọ ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbé e sẹ́yìn, kò yẹ kí ó tíì jáde rárá. Mo bi í ní ohun tó gbé e dìde.

"Màmá, mo fẹ́ kí ẹ fún ọmọ yìí ní orúkọ tí ó lè gbé e dúró."

Mo ní kí ó lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà, òun ni olórí ilé.

"Bàbá ní kí n má ṣe débí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

Mo rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín ní ọ̀rọ̀ tó kan ọkùnrin yẹn. Mo ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ náà. Ó ń sùn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ti mú nǹkan. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo ní orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ọdún pípẹ́, pé ó ṣì dára, kò dípẹtà. Ó ti mọ èyí tí mo ń wí. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé èmi náà ń bẹ̀bẹ̀."

Ẹ wo bí ayé ṣe yí: Jósáyà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n mú un wá fún òun yẹ̀ wò ṣáájú ọjọ́ náà, bí ẹni pé ìdánwò ni a fẹ́ ṣe. Ìyá àgbà kan kọ Odùfúnkẹ́, Jósáyà fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó kọ Olúfúnkẹ́ sókè rẹ̀. Èmi kọ Olúwakẹ́mi. Ó fi àmì tó dára sí tèmi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a péjọ sí pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti pa orógbó tì, wọ́n ti pa ataare tì. Ṣúgà tí wọ́n fi tọ́ ọmọ lẹ́nu, ìlà ni baba rẹ̀ tò kí ó tó rí páálí kan rà. Ṣùgbọ́n omi wà nílẹ̀, nínú àwo funfun kan. Jósáyà kò lè mú omi kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ju owó sí i, ó pe orúkọ tirẹ̀, a sì pè é tẹ̀lé e. Àwọn yòókù tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Pásítọ̀ ń kọ wọ́n sílẹ̀.

Ó kàn mí. Mo ju owó mi sínú omi, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀ àwo. Mo ní, "Málọmọ́."

Kò sí ẹni tó pè é tẹ̀lé mi. Bírò pásítọ̀ dúró. Jósáyà ń wo ilẹ̀. Bùsọ́lá ni ó kọ́kọ́ pè é, ohùn rẹ̀ kò lágbára. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké tó jókòó sílẹ̀ pè é nítorí ó ti mọ́ wọn lára láti máa pè tẹ̀lé ẹni. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé. Ọdún márùndínláàádọ́rin ni n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ènìyàn.

Jósáyà ní kí wọ́n yọ owó náà kúrò nínú omi.

Àbúrò ìyá wa kan tó kù láyé, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, dáhùn láti igun ilé. "Jósáyà, ta ni yóò ki ọwọ́ bọ omi ọmọ? Ìwọ ni?"

Jósáyà dìde. Ó fi ọ̀pá rìn dé ibi àwo, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, gbogbo wa ń wo ẹ̀yìn agbádá rẹ̀. Owó mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn jọ ara wọn. Kò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ó padà sí àga rẹ̀. Pásítọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ náà wà láyé. Ó ti ń lọ sí jẹ́léósinmi, ó sì ń dá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lágara. Jósáyà kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà, àbúrò ìyá wa sì kú lọ́dún tó tẹ̀lé e kí n tó bi í, nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè bi bóyá òótọ́ ni ohun tí Jósáyà sọ fún mi. Lálẹ́ lálẹ́ ni mo ń to àwọn orúkọ náà pọ̀, tí mo ń ka lẹ́tà yẹn, ó sì ti já ní ìparí. N kò dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ó bá mi sọ.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà, Jósáyà ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Mo ti múra ìjà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bọ́ agbádá, ó wá kéré. Ó ní òun àti àbúrò bàbá wa ni àwọn ń gbé àwọn òkú ọmọ yẹn lọ sí igbó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ìyá ọmọ kò gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní nígbà tí wọ́n bí mi, ó ti rẹ gbogbo wọn, ọjọ́ kẹjọ pé, ẹnikẹ́ni kò gbé omi kalẹ̀, ìyá wa kọjú sí ògiri. Ó ní òun lọ bu omi sínú igbá, òun nìkan, òun ju tọ́rọ́ kan ṣoṣo tí òun ní sínú rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí ìyá wa bá ti ń pè mí láti ìdí òfì, ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni ó ń padà sórí òun, títí òun kò fi lè fara dà á mọ́. Mo ní irọ́ ni. Kò bínú. Ó wò mí bí ìyá wa ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ ẹ́, ó sì ní:

"Málọmọ́, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kì í ṣe ìyá wa. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ ìrìbọmi, tèmi ni."